Omi Àpáta Tí Àwọn Àna Mi Gbé Wá

Kò sí omi ilẹ̀ Ìwó tí yóò kan ahọ́n mi tí n kò ní mọ inú ilẹ̀ tó ti jáde. Mi ò fi yangàn o. Bí mo bá sì fi yangàn, ohun tí èèyàn ní ló fi ń yangàn. Ẹni tí kò ní ẹṣin kì í sọ̀rọ̀ gàárì. Iṣẹ́ kànga ni mo fi kọ́lé, òun ni mo fi fẹ́yàwó, kí àwọn oníbọ́hóòlù tó dé wá gba ìlú lọ́wọ́ wa. Agbẹ́kànga tó bá mọṣẹ́ kì í fi ojú nìkan ṣe é. Bí dígà rẹ bá ti kan ilẹ̀ tútù, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun díẹ̀díẹ̀ láti ara ògiri, ìwọ tó wà nísàlẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ bù ú lá, kí o tó ké sí ẹni tó wà lókè. Bó bá rí bíi káún lẹ́nu, o ò tíì kọjá ilẹ̀ amọ̀. Bó bá ń ta ọ́ láhọ́n bí ìgbà tí èèyàn fi ètè kan ìṣó tó dógùn-ún, yangí ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Bó bá wúwo, tó dà bíi pé wọ́n po ẹfun mọ́ ọn, tí ọṣẹ ò ní fẹ́ hó nínú rẹ̀, o ti dórí òkúta nìyẹn. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti yà kúrò lọ́nà, mi ò sì tijú ẹ̀. Àwọn tí a jọ wọlé tí wọ́n kà á dópin, èmi ni mo gbẹ́ kànga wọn.

Ní báyìí, omi inú ike ni mo ń tà níwájú ilé. Ayé ló yí, kì í ṣe èmi ni mo rẹlẹ̀. Lára ike wọ̀nyí, wọ́n máa ń ya òkè kan sí i, òkè aláwọ̀ aró tí yìnyín dé lórí bíi fìlà, irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò rí rí láti ibí dé Ìbàdàn. Lẹ́yìn òkè yẹn ni wọ́n máa ń to orúkọ ohun tó wà nínú omi sí: kálísíọ́mù, maginísíọ́mù, sódíọ́mù, pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà wínníwínní. Àkọ́bí mi obìnrin ló máa ń kà á sí mi létí, èmi á sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Èyí tí wọ́n pè ní kálísíọ́mù, òun ló ń mú kí omi nípọn lẹ́nu, òun náà ló ń fi èépá funfun sílẹ̀ nídìí kẹ́tù. Maginísíọ́mù ló ń korò lẹ́yìn ahọ́n. Sódíọ́mù, iyọ̀ ni. Ta ni ò mọ iyọ̀? Bí irin bá wà níbẹ̀, wọn kì í sábà kọ ọ́, ṣùgbọ́n ahọ́n á kà á. Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bàbá, àwòrán yín gan-an ló yẹ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ike yìí, kì í ṣe ti òkè."

Ó jogún ahọ́n náà. Láti kékeré ló ti ń jókòó sétí kànga. Bí mo bá bu omi ránṣẹ́ sókè nínú garawa, òun ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, á wá bẹ̀ mí wò láti ẹnu kànga, orí rẹ̀ á dúdú nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀run, á pariwo pé, "Bàbá, ó ṣì dà bí ìṣó!" Òótọ́ ni yóò sì jẹ́.

Ọmọ yìí ló fẹ́ lọ sílé ọkọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó mú wá sílé ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n ní ọkọ. Àwọn tí wọ́n jọ dàgbà ti ń mú ọmọ wọn lọ sílé kéwú. Ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀ títí ó fi gbẹ. Nígbà tí èyí wá dé, ọ̀dọ́kùnrin kan láti ìlú olókè kan lápá Èkìtì, tó ń ṣiṣẹ́ níbí, mo ṣàkíyèsí pé bí ọmọ mi bá ti ń dárúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ayé gbọ́ kó má baà bàjẹ́. Bàbá tó bá lójú á rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin náà wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bàbá, ohun kan wà nílé wa tí mo fẹ́ fi tó yín létí. Ìsun omi kan wà lábẹ́ àpáta ìlú wa. Ìyàwó kì í wọ ilé wa láì jẹ́ pé ó kọ́kọ́ mu ún nílé bàbá rẹ̀. Ìyá àgbà wa fúnra wọn ló máa ń lọ pọn ọ́n, wọn ò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi gbé e délé."

"Bí ìyàwó ò bá wá mu ún ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan tí yóò pa á, sà. Ṣùgbọ́n bó bá ti dìjà pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní, 'Kò yà wá lẹ́nu, ṣebí kò mu omi wa.' Ìyàwó kan wà tí òjò ká àwọn tó gbé omi tirẹ̀ mọ́nà. Ó ti darúgbó báyìí, ó ti bímọ, ó ti rí ọmọọmọ. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ sí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹnu mi, ẹ ti mọ̀ ọ́n, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ òun lára pẹ́.

"Omi àpáta?" mo ní. "Kí wọ́n gbé e wá. Kí wọ́n bù ú sáàárín omi méjì mìíràn, kí wọ́n má sọ fún mi èyí tó jẹ́. Bí n kò bá yọ ọ́ bí ẹni yọ ẹran nínú ọbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní agbẹ́kànga mọ́!"

Kó tó dalẹ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ọ, torí èmi náà ni mo sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, olórí ẹbí wa, tí kò fẹ́ràn nǹkan méjì bíi kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kàn mi orí. Ó ní, "O ti tún gbé ẹnu rẹ lọ sẹ́wọ̀n. A máa wá bẹ̀ ọ́ wò níbẹ̀."

Ọjọ́ mọ̀ mí n mọ̀ ọ́ pé. Ilé mi kún. Wọ́n ti mú iná lọ, fáànù dúró sójú kan lókè bí ẹni tí wọ́n bú. Àga ńlá tèmi wà ní igun pálọ̀, ògiri wà lápá ọ̀tún mi, ẹ̀gbọ́n mi wà lápá òsì. Àwọn obìnrin jókòó sílẹ̀ níwájú wa títí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ jáde nínú igun yẹn, àfi kó fò. Èmi ni mo to àga náà síbẹ̀ fúnra mi, kí gbogbo èèyàn lè máa rí mi.

Àwọn àna wa pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú mi, èmi náà ń wo ojú títì. Ìgbà tí mọ́tò wọn wọlé, èéfín funfun ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àbúrò bàbá ọkọ ìyàwó ló wà á. Òun ni wọ́n fi ṣe bàbá, torí bàbá ọmọ náà ti kú. Apá aṣọ rẹ̀ tutù dé ìgbọ̀nwọ́, erùpẹ̀ pupa wà lórúnkún ṣòkòtò funfun rẹ̀. Ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò, ó gbá ike omi ńlá méjì mọ́ àyà, wọ́n fi aṣọ funfun wé wọn bí ọmọ tuntun.

"Ẹ má bínú sí wa, ẹ̀yin àna wa," ìyá àgbà ní. "Ọ̀nà jìn."

Ọkọ ìyàwó rẹ́rìn-ín. Ó wà nínú mọ́tò mìíràn pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ṣáájú. "Ìyá àgbà, kí lẹ mọ̀ nípa ọ̀nà? Wọ́n ní láti Iléṣà lẹ ti sùn, ìgbà tí ẹ gbọ́ ariwo Ìwó lẹ tó jí."

"Ẹni tó jí lọ pọnmi kí àkùkọ tó kọ, ṣé kò ní sùn ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá ọkọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀nà ló rẹ̀ ẹ́.

Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kí wa, a dá wọn lóhùn, àwa gbàdúrà tiwa, wọ́n gbàdúrà tiwọn. Kò pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ti pàtẹ́wọ́ tó ní àna wa kì í ṣe àlejò mọ́, ẹ jẹ́ ká rí ìran tí a tìtorí ẹ̀ wá. Òun fúnra rẹ̀ ló gba ike kan lọ́wọ́ ìyá àgbà wọ ilé ìdáná. Ó bu omi kànga ilé mi sínú ife kan, ó bu omi inú ike tí mo ń tà sínú ìkejì, ó bu ti àwọn àna wa sínú ìkẹta, ó sì gbé wọn jáde lórí tíréè, ó ń rìn bí ẹni tó gbé adé.

"Ó yá o," ó ní. "Ẹlẹ́nu àjẹ́, ẹnu rẹ nìyí, omi nìyí."

Mo ṣe bísímílà, mo gbé àkọ́kọ́. Kànga mi ni. Ẹfun díẹ̀, ìnípọn díẹ̀, mo dá a mọ̀ bí èèyàn ṣe ń dá ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mọ̀ lọ́nà àgbàlá. Mo gbé ìkejì. Omi ilé iṣẹ́ ni, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ títí tí kò fi ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́, bí ẹni tí olè kó nílé. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìkẹta.

Kó tó kan ètè mi ni òórùn rẹ̀ ti kí mi. Mo mu ún, mo gbé e dúró sórí ahọ́n. Ìṣó. Ìṣó tó dógùn-ún, lẹ́yìn ẹ̀ ẹfun, lẹ́yìn ẹ̀ ìkorò kékeré kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu bí eèpo ẹ̀wà. Èyí kì í ṣe omi àpáta. Omi àpáta kì í gbé ẹrù. Òjò ni, ó kàn gba inú òkúta sáré kọjá, kò dúró jẹun lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo ti gbẹ́ kànga dé apá Èkìtì rí, mo mu omi ẹsẹ̀ òkè wọn, kò sí ìṣó níbẹ̀. Èyí tó wà lẹ́nu mi yìí, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ohùn ìyàwó mi. Omi bọ́hóòlù ẹ̀bá títì Ilé-Ogbó ni. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, èmi ni mo gbẹ́ kànga sójú ibẹ̀ gan-an, àwọn tó nilẹ̀ sì bú mi nítorí irin inú ẹ̀, bíi pé èmi ni mo dà á síbẹ̀.

Mo gbójú sókè. Ojú mi bá ti àbúrò bàbá ọkọ pàdé. Ó ń wo ife ọwọ́ mi bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ dání lẹ́nu kànga. Mo wo apá aṣọ rẹ̀ tó tutù. Mo wo orúnkún rẹ̀. Mo rántí èéfín inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun gbogbo yé mi.

Bí mo bá sọ ọ́, àwọn àna mi ti di òpùrọ́ nínú pálọ̀ mi, lójú gbogbo Ìwó, níwájú ìyá àgbà tó ti jí pọnmi láì lanu. Ta ni yóò tún jókòó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lẹ́yìn ìyẹn? Bí mo bá sì ní mi ò mọ èyí tó jẹ́ tiwọn, ahọ́n mi ti kú nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì gbé e lọ sí gbogbo mọ́sálásí tó wà nílùú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, méjèèjì dùn mí bákan náà.

Nígbà kan, ní oko kan lẹ́yìn Kuta, ògiri kànga ya lé mi. Iyanrìn bò mí dé àyà. Ohun tí ọ̀gá mi pariwo sí mi láti òkè ni pé, "Má jà! Bí o bá jà, òmíràn á ya!" Mo dúró jẹ́ẹ́, mo ń fi imú nìkan mí, ọ̀run sì kéré lókè bí awo obì, títí wọ́n fi yọ mí. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn nínú àga mi. Òógùn ń ṣàn wọ inú agbádá mi. Ògiri lọ́tùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi lósì, àwọn obìnrin níwájú. Má jà.

Mo gbé ife náà sókè. "Ìkẹta ni ti àwọn àna wa," mo ní.

Ilé ya! Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n hó, ìyá àgbà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ìyẹn kì í ṣe irọ́, ẹ kíyè sí i: inú ike wọn ló ti jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò gbà.

"Ó lè jẹ́ pé o kàn méfò ni. Ṣé omi àpáta ni lóòótọ́? Sọ wálláhì."

Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi gbé omi Ilé-Ogbó lárugẹ.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ṣé ìyàwó la fẹ́ fà fún wọn àbí kóòtù la wà? Ẹ fẹ́ kí n fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré nítorí ẹnu lásán?"

"Láti ìgbà wo lo ti ń bẹ̀rù ẹnu lásán?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì fò mí dá. Mo mí. Mo rò pé wọ́n ti yọ mí. N kò mọ̀ pé ògiri kejì ló kù tí yóò ya.

Ìyá àgbà dìde. Ó tú aṣọ funfun ara ike kejì, ó bu omi náà sínú ife tuntun, ó ní, "Ẹ bá mi pe ìyàwó mi wá."

Ọmọ mi jáde láti inú yàrá, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀. Ìyá àgbà fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife fún un, ó ní, "Omi tí ìyá ọkọ mi fún mi nìyí, òun ni mo fún gbogbo àwọn tó wọlé tẹ̀ lé mi. Ẹni tó bá mu ún ti di tiwa. Kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé kí o padà síbi tí o ti wá."

Ọmọ mi gba ife. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu, ó sì dúró. Mo rí imú rẹ̀ tó mì díẹ̀. Ó gbójú sókè lórí etí ife, ó wò mí, ojú tó fi ń bẹ̀ mí wò láti ẹnu kànga nígbà tó wà ní kékeré. Ó ti mọ̀. Ọmọ mi ti gbọ́ òórùn ìṣó. Mo sì rí ohun tó tẹ̀ lé e: ó sọ ojú kalẹ̀, ó sì fẹ́ mu ún bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí ilé náà gba òun, ó fẹ́ ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́ gbé irọ́ mì láti fi wọlé wọn, kó sì máa gbé e kiri nínú ara rẹ̀ títí ayé. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, kò ní jẹ́ pé ará ilé ló máa sọ ọ́ sí i. Òun ni yóò máa sọ ọ́ sí ara rẹ̀.

"Dúró!" mo ní.

Ìyàwó mi gbé ọwọ́ lé orí. Mo dìde, mo fò lórí ẹsẹ̀ obìnrin kan, mo tẹ aṣọ òmíràn, mo gba ife lọ́wọ́ ọmọ mi. N kò tíì mọ ohun tí n ó sọ. Ẹnu mi ló ṣáájú mi bó ṣe máa ń ṣe.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ọmọ tèmi lẹ fẹ́ fi omi inú ike gbà? Ike! Mo ní ike níwájú ilé mi tó kún ìsọ̀. Àwọn tẹ́ ẹ gbé omi lọ bá nílé bàbá wọn, bóyá bàbá wọn kò lẹ́sẹ̀. Èmi lẹ́sẹ̀! Ọmọ agbẹ́kànga kì í mu omi tó ti rìnrìn àjò. Ẹnu àpáta ni tèmi yóò ti mu ún. Èmi fúnra mi ni n ó mú un wá, kí àpáta náà lè mọ̀ pé ọmọ ẹni ńlá ló wọlé!"

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. "Ìgbéraga rẹ yìí ló máa jẹ́ kí ọmọ yìí di àgbàlagbà sílé! Àṣà wọn lo ń bú yẹn!"

"Bàbá ọmọ yìí, ẹ fi Ọlọ́run bò mí láṣìírí," ìyàwó mi ní.

N kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà ni mo ń wò. Mo ń gbọ́ eṣinṣin tó ń kùn létí mi. Ife ọwọ́ mi wúwo bíi garawa tó kún fún iyanrìn. Bó bá bínú, ó ti parí nìyẹn; mo ti fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi.

Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ẹkún wà nínú rẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ń gbé omi yìí kiri," ó ní, "kò sí bàbá ìyàwó kan tó ní òun fẹ́ wá wo ibi tó ti ń sun. Kò sí ẹnì kan rí. Wọ́n á mu ún, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á bi wá ní ohun tó kù nínú mọ́tò. Ẹ ó wá, àna mi?"

"N ó wá, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹnu àpáta ni ìyàwó mi yóò ti mu ún." Ó jókòó, ó sì nawọ́ sí ife. "Ṣùgbọ́n omi tí a ti bù fún ìyàwó, a kì í dà á nù, a kì í sì í gbé e padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà á, ẹ̀yin lẹ máa mu ún."

"Ife yìí?"

"Ife yẹn, àti ike méjèèjì."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sínú igun mi, mo sì ń mu omi Ilé-Ogbó láti ìgbà yẹn títí wọ́n fi jẹun tán, ife lé ife, ìyá àgbà sì ń béèrè pé, "Ó ṣe rí?" èmi náà ń dáhùn pé, "Ó dùn, mà. Ó fúyẹ́." Ètè mi ti ń ro kìì bíi kọ́bọ̀ àtijọ́. Ọmọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi ìborùn bo ẹnu; n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, àbúrò bàbá ọkọ fà mí sẹ́yìn mọ́tò, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀.

"Bàbá, Ọlọ́run á san án fún yín. Radíétọ̀ ló jò. Inú igbó la wà, kò sílé, kò sómi, ẹnjìnnì ti ń kígbe. Ìyá àgbà ń sùn. Mo ní omi ni omi, mo bá da omi àpáta náà sí i. Nígbà tí a dé Ilé-Ogbó ni mo rí ẹ̀rọ lẹ́bàá ọ̀nà, ni mo bá pọn ọ́n padà."

"Dìde," mo ní. "Ẹ̀yin lẹ ti ní ìṣòro. Ta ló mu omi àpáta yín báyìí?"

Mo nawọ́ sí mọ́tò náà. "Ìyàwó ilé yín nìyẹn. Ẹ rọra máa wà á, torí kò sẹ́ni tó lè ní kó padà síbi tó ti wá."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì sáré wọ ilé ìtọ̀.

A lọ. Kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé ni mo mú ọmọ mi lọ sí ìlú olókè náà, òun àti èmi. Àwọn ìyàwó ilé wọn tẹ̀ lé wa gba ọ̀nà tóóró kan gòkè, àti àbúrò bàbá ọkọ lẹ́yìn. Ìsun náà wà nínú ihò kan lábẹ́ àpáta. Kò tóbi ju kí orí èèyàn kan wọ ibẹ̀ lọ. Ìyá àgbà fi igbá kékeré bù ú fún ọmọ mi. Ó mu ún, ó pa ojú dé. Ó tún bù fún mi. Ó tutù, ó fúyẹ́, ó gba ọ̀fun kọjá bíi pé kò kan ibì kankan. Kò sí ẹfun. Kò sí ìṣó.

Ìyá àgbà wá yíjú sí àwọn ìyàwó ilé. "Ẹ wo ahọ́n àna mi yìí! Nínú ife mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dá omi wa mọ̀. Àna mi, ẹ sọ fún wọn. Ṣé òun náà kọ́ lẹ mu ní Ìwó?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Àpáta wà lẹ́yìn mi, àwọn obìnrin wà níwájú, ọ̀nà tóóró náà kún. Mo ti rò pé inú pálọ̀ mi ni mo fi igun yẹn sí. Àbúrò bàbá ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Òun náà ni, mà," ọmọ mi ní. "Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí." Ó nu ètè, ó sì wò mí.

"Òun náà ni," èmi náà wí.

Láti ìgbà yẹn, n kò bọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ti ibẹ̀ bọ̀, àfi kó gbé ike omi kan wá fún àna tó lahọ́n, kó tún bu ife mẹ́ta síwájú mi níṣojú àlejò, kí wọ́n lè fi mí hàn. Mo ń yọ ọ́, ó ti wá rọrùn. Èyí tí kò gbé ẹrù lọ́wọ́ ni. Wọ́n á hó, èmi á rẹ́rìn-ín, ìṣó Ilé-Ogbó á tún ta mí láhọ́n níbi tí kò sí.

Bí ọmọ mi bá pè mí lórí fóònù, tí àwọn èèyàn wà nítòsí rẹ̀, n kì í béèrè bóyá wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, torí ẹni tó wà láàárín àna kò lè dáhùn irú ẹ̀. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, "Omi ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò sí ìṣó nínú ẹ̀?"

Èmi á tẹ fóònù mọ́ etí.

"Kò sí, Bàbá," á ní. "Ó fúyẹ́."